Èwo Ló Gba Ọlọ́mọ Nínú Àwọn Àdúgbò Tó Lòde?

Ẹni tó ń wá ilé sí àdúgbò tó lòde, ọ̀sán Sátidé ló sábà máa ń lọ wò ó. Oòrùn á ràn, àwọn èèyàn á jókòó síta, òdòdó á wà lójú fèrèsé, ọmọ kan á gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ọkàn èèyàn á sì fà sí ibẹ̀. Bí èmi àti ìyàwó mi ṣe gba ilé tí a kọ́kọ́ gbé lẹ́yìn tí a bí àkọ́bí wa nìyẹn. Ohun tí a kò rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ike ńlá tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí lẹ́yìn ilé ọtí tó wà nísàlẹ̀ wa. Tó bá ti di aago méjì òru, àfi òru Mọ́ńdè nìkan, ọmọkùnrin kan á gbé páálí tí òfìfo ìgò kún inú rẹ̀ jáde, á sì dà á sínú ike náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ọgbọ̀n ìgò ṣe ń já lu ara wọn nínú òru á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ oṣù mẹ́rin kì í padà sùn lẹ́yìn irú ìyẹn. Oṣù mọ́kànlá péré la lò níbẹ̀.

Ìyẹn ò sọ pé mo kórìíra irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn la ṣì ń gbé títí dòní, ọmọ wa méjèèjì sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ohun tó yé mi lẹ́yìn tí a ti kó kiri ni pé orúkọ kan náà là ń pe oríṣi ibi mẹ́rin tí wọn ò jọra rárá: òpópónà ilé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sọ di ilé gbígbé, àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó, àti àdúgbò tó múlé ti ibi tó lòde. Ó tún yé mi pé àwọn tí kò tíì bímọ ló sábà máa ń sọ ibì kan di ibi tó lòde. Lẹ́yìn wọn ni àwa ọlọ́mọ ń dé. Nítorí náà, ohun tó gbé orúkọ àdúgbò náà ga, bíi kí ilé ọtí pọ̀, kí ilẹ̀ máà tètè ṣú níbẹ̀, kí nǹkan tuntun máa ṣẹlẹ̀ lósọ̀ọ̀sẹ̀, ohun náà gan-an ló lè má bá ọmọ lára mu. Ọ̀nà tí mò ń gbà yanjú rẹ̀ ni pé kí n mú ẹni tó kéré jù lọ nínú ilé, kí n fi ọjọ́ rẹ̀ kan, láti àárọ̀ dé òru, wọn àdúgbò náà.

Ohun tí mo fi ń wọn àdúgbò

Oorun ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹ̀ka Yúróòpù ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde ní 2018 pé kí ariwo ọkọ̀ ojú títì máà tó dẹ̀síbẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 53 tí a bá dá ti ọ̀sán àti ti òru pọ̀, kó má sì tó 45 lóru. Fóònù yín lè bá yín wọn èyí dé àyè kan, torí áàpù tó ń ka dẹ̀síbẹ̀lì pọ̀ lọ jàra. Kò péye bí ẹ̀rọ àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ka 65 nínú yàrá tí ọmọ máa sùn, ní aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ ò tún nílò onímọ̀ mọ́.

Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ nìkan ló ń pariwo. Ní Plaça del Sol, ìta gbangba kan ní àdúgbò Gràcia ní Barcelona, àwọn ará ibẹ̀ gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ariwo sí bálíkónì wọn ní 2017. Àwọn èèyàn tó ń jókòó sí ìta náà títí di ọ̀gànjọ́ ló ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ohùn wọn ń gun ara ilé lọ sókè. Wọ́n kó iye tí ẹ̀rọ náà kà lọ bá ìjọba ìlú, torí pé kí èèyàn kàn máa sọ pé òun ò rí oorun sùn kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́mọ ló máa ń rí ìta tí ọkọ̀ kò wọ̀, tí wọ́n á ní ibẹ̀ ti parọ́rọ́. Ní alẹ́ ìgbà ooru, ó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni oorun ti máa ṣòro jù.

Lẹ́yìn oorun, ẹsẹ̀ ọmọ ló kàn. Láti 2016 ni Carlos Moreno, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Paris, ti ń polongo ìlú oníṣẹ́jú 15, ìyẹn ìlú tí ohun tí èèyàn nílò lójúmọ́ kò ti ní jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ sí ilé rẹ̀. Èrò tó dára gan-an ni. Àmọ́ ìṣẹ́jú 15 àgbàlagbà lè di 40 fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń dúró wo gbogbo èèrà tó bá rí lójú ọ̀nà. Títì ńlá tó wà láàárín ilé àti iléèwé ni èmi máa ń kà. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ti ń sáré lè mú kí ọmọ tó yẹ kó ti máa dá lọ síléèwé lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ìlú Amsterdam dín ìsáré ọkọ̀ kù sí kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan lórí púpọ̀ nínú àwọn títì rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2023. Bí ìlú tiyín bá ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá títì tó wà níwájú ilé náà wà lára èyí tó kàn. Títì ńlá ni wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àyè níléèwé. Pé iléèwé wà ládùúgbò yàtọ̀ sí pé àyè wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí ilé bá ṣe súnmọ́ iléèwé sí ni wọ́n fi ń gba ọmọ, tàbí kí wọ́n ya òpópónà sọ́tọ̀ fún iléèwé kọ̀ọ̀kan, débi pé ẹ̀gbẹ́ kan títì lè wọlé kí ẹ̀gbẹ́ kejì máà wọlé. Ẹni tí ẹ máa bi ni akọ̀wé iléèwé, kì í ṣe ajẹntì. Ẹ bi í pé láti òpópónà wo ni ọmọ tó gbà kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá ti wá.

Owó náà ń kọ́? Owó ilé ti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sọ fúnni. Ti ọdún karùn-ún ló ń kó ọlọ́mọ jáde, ní àkókò tí ọmọ ti ní ọ̀rẹ́, tó sì ti mọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ bí owó ṣe máa gòkè sí nínú àdéhùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì wádìí bóyá òfin ìlú náà fi ààlà sí i. Ohun tó kẹ́yìn ni bóyá ibẹ̀ ṣeé gbára lé: ilé fúnra rẹ̀, rélùwéè, omi, iná. Èyí ò ṣeé rí lójú, mo sì máa fi àpẹẹrẹ hàn bí mo bá dé ibẹ̀.

Òpópónà ilé àtijọ́ nítòsí àárín ìlú

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ gentrification ti bẹ̀rẹ̀. Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ, ló hùmọ̀ rẹ̀ ní 1964 nígbà tó ń ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn àdúgbò London bí Islington: àwọn tó lówó díẹ̀ ń ra ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń yá gbé, wọ́n ń tún un ṣe, owó ibẹ̀ ń gbéra, àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń kó lọ. Prenzlauer Berg ní Berlin tọ ọ̀nà kan náà lẹ́yìn tí Ògiri Berlin wó ní 1989. Ilé tí èéfín èédú ti sọ di dúdú ló kún ibẹ̀ nígbà náà, àwọn kan sì ṣófo. Akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣẹ́ ọnà kó wọ̀ ọ́, wọ́n tún ilé ṣe, ọlọ́mọ dé. Lónìí, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́ ló kún ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní ìtòsí Kollwitzplatz, ìta gbangba kan níbẹ̀.

Mo lóye ìdí tí àwọn òbí fi fẹ́ràn ibẹ̀. Ògiri ilé àtijọ́ nípọn, òrùlé ga, igi ti dàgbà lójú pópó. Ọ̀pọ̀ ilé Berlin ló ní àgbàlá láàárín, tí ilé yí ká, tí ọmọ lè ṣeré nígbà tí òbí ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Iléèwé, dókítà àti pápá wà láti ọjọ́ pípẹ́, torí pé èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Rélùwéè kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀ ọmọ nìkan ni, irú àdúgbò yìí ló gbapò kìíní.

Ara ilé ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí kò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ yá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹ gbé àpò ọjà kan lé e, ẹ gbé ọmọ yín kọ́ èjìká, kí ẹ sì gun àjà kẹrin. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ tún gùn ún. Bí ìjókòó bá ń wù yín ní àjà kejì, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ lẹ máa ṣe é títí ọdún mẹ́ta. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n gbà kí kẹ̀kẹ́ ọmọ wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, torí àwọn onílé kan kò gbà nítorí ewu iná.

Èkejì ni òjé. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé ní 1978, òfin sì ní kí ẹni tó ń ta ilé tó ṣáájú ọdún náà, tàbí tó ń fi í háyà, sọ ohun tó bá mọ̀ nípa òjé inú rẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè kọ́ ló ní irú òfin yẹn, nítorí náà ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa bèèrè. Ojú fèrèsé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò. Igi fèrèsé àtijọ́ ń ha ara wọn nígbàkígbà tí a bá ṣí i, ọ̀dà á di erùpẹ̀ lẹ́bùúlẹ́bùú, á bọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń rá kòrò á fi ọwọ́ gbá a, á sì fi ọwọ́ yẹn sẹ́nu. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ọ̀dà àti páìpù omi wò. Owó àyẹ̀wò náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé.

Ti ariwo, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Ilé ijó kan wà ní Prenzlauer Berg tó ń jẹ́ Knaack, tó ti wà láti 1952. Wọ́n kọ́ ilé tuntun tì í, àwọn tó kó síbẹ̀ fẹjọ́ ariwo sùn, Knaack sì ti ilẹ̀kùn ní ìparí 2010. Láti ìgbà náà, àwọn ìjọba kan ti yí òfin padà, ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà ní 2014, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018, pé ẹni tó bá wá kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé orin ni kó wá bí ariwo náà kò ṣe ní wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ọlọ́mọ mú níbẹ̀ ni ìbéèrè kan: ta ló dé ibẹ̀ ṣáájú, ilé tí ẹ fẹ́ gbà ni àbí ilé ọtí? Bí ilé ọtí bá ti wà, ẹ máà fi ọkàn sí i pé ẹ máa pẹjọ́ tí ẹ máa jàre.

Ní ti owó, òun ló wọ́n jù lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé oníyàrá mẹ́ta sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn àlejò arìnrìn-àjò náà ń bá ọlọ́mọ du ilé. Barcelona kéde ní 2024 pé tó bá fi máa di ìparí 2028, kò ní sí ìwé àṣẹ ilé àlejò nínú fúláàtì mọ́. New York ti mú òfin tirẹ̀ le láti oṣù Kẹsàn-án 2023. Bí ẹ bá rí àpótí kọ́kọ́rọ́ kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, ẹ ti mọ irú aládùúgbò tí ẹ máa ní: àwọn tó ń fa báàgì onítáyà lórí àtẹ̀gùn láago mẹ́ta òru.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sọ di ilé gbígbé

SoHo ní New York ló sọ irú ilé yìí di ohun àfẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń gbé inú ilé-iṣẹ́ tó ṣófo níbẹ̀ láìgbàṣẹ kí ìjọba tó fọwọ́ sí i fún wọn ní 1971. Fèrèsé ńlá, òpó irin, ilẹ̀ gbalasa: ó dùn ún wò, mi ò lè parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pẹ̀lú ojú ọmọ. Yàrá kan ṣoṣo tí kò ní ògiri túmọ̀ sí pé iná tí a tàn fún àgbà ni a tàn fún ọmọ. Ilẹ̀ kọnkéré àti òrùlé gíga ń dá ohùn padà, igbe ọmọ kan á dà bíi ti mẹ́ta. Bí a bá sì wá lo ògiri láti fi ya yàrá, yàrá àárín kò ní rí fèrèsé. Iléèwé àti pápá kì í sábà sí nítòsí, torí pé ẹ̀rọ ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ọmọ.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Hoboken, New Jersey, àwọn èèyàn kan ra ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe gílóòbù tó ń lo mákúrì, irin olómi tó léwu, láyé àtijọ́, wọ́n sọ ọ́ di ilé gbígbé, wọ́n kó ìdílé wọn wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá ni wọ́n rí mákúrì tó dúró bí omi lábẹ́ ilẹ̀pákó ilé ìdáná. Ní 1996 ni ìjọba kó gbogbo wọn jáde, torí pé mákúrì náà ti ń di afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí símú. Àwọn yẹn kì í ṣe aláìbìkítà èèyàn o. Ilé tó wù wọ́n ni wọ́n rà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo ilé-iṣẹ́ àtijọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, láti ọdún wo dé ọdún wo. Ilé ìrànwú yàtọ̀ sí ilé ìpọ̀dà, ilé búrẹ́dì yàtọ̀ sí ilé bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí, ẹ fi ilé náà sílẹ̀.

Rélùwéè ibẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan. Williamsburg ní Brooklyn, tí ìjọba gbà kí wọ́n kọ́ ilé gogoro sí etí odò rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kún ní 2005, rélùwéè tí wọ́n ń pè ní L ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ sí Manhattan. Ìjì Sandy da omi iyọ̀ sínú ihò tí rélùwéè náà ń gbà kọjá lábẹ́ odò ní oṣù Kẹwàá 2012. Nígbà tó di 2016, wọ́n kéde pé wọ́n máa tì í pa. Gbogbo èèyàn sì ń retí pé wọ́n máa tì í fún oṣù 15 láti 2019. Àwọn kan kó kúrò ládùúgbò nítorí rẹ̀. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta ni wọ́n yí i padà, tí wọ́n ní òru àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan làwọn máa fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò lọ́mọ lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Ẹni tí jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò ní rẹ́rìn-ín.

Èmi kì í gba ẹni tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nímọ̀ràn láti lọ síbẹ̀.

Àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó

Bí mo bá lè bẹ̀rẹ̀ padà, tí owó sì wà, mo lè gbé ọmọ lọ sí Vauban, ní ìlú Freiburg ní Jámánì. Bárékè ọmọ ogun Faransé ni ibẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní 1992, àwọn ará ìlú sì bá ìjọba jókòó láti pinnu bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ. Ní apá tó pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ kì í dúró níwájú ilé. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ á ra àyè nínú gáréèjì tó wà létí àdúgbò, á sì rìn wọlé. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé òpópónà di ti ọmọ: wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sílẹ̀, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, ìyá kò sì dìde. Rélùwéè ìgboro dé ibẹ̀ ní 2006. Ẹ̀rọ tuntun kankan kò sí nínú ọgbọ́n náà. Ibi tí ọkọ̀ ń gbé nìkan ni wọ́n yí padà.

Gbogbo àdúgbò tuntun kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wà. Hammarby Sjöstad ní Stockholm rẹwà: omi yí i ká, ọkọ̀ ojú omi ń gbé èèyàn sọdá lọ́fẹ̀ẹ́, páìpù ló ń fa ìdọ̀tí lọ lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ rò pé àgbàlagbà tí ọmọ wọn ti jáde nílé ló máa pọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́mọ ló ya dé. Jẹ́lé-ó-sinmi àti iléèwé kò tó, wọ́n sì ní láti máa wá àyè fún wọn lẹ́yìn tí ilé ti kún. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí mo bá rí àwòrán pápá ìṣeré nínú ìwé ìpolówó ilé tuntun. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n máa ṣí iléèwé náà, ẹni tó máa san owó rẹ̀, àti bóyá ó wà nínú àdéhùn tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "láìpẹ́," ẹ gbà pé kò sí. Láàárín ìgbà yẹn, kireni àti erùpẹ̀ ni ọmọ máa bá dàgbà.

Ilé tuntun náà kò fi dandan ṣeé gbára lé ju ti àtijọ́ lọ. Opal Tower ní Sydney, ilé alájà 36, ọdún 2018 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún yẹn kan náà ni àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ gbọ́ tí ara ilé ń dún, wọ́n rí i tó là, wọ́n sì kó wọn jáde. Lẹ́yìn iná tó pa èèyàn 72 ní Grenfell Tower ní London ní oṣù Kẹfà 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara ilé gogoro wò káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ra fúláàtì nínú ilé tí kò tíì pẹ́ sì rí i pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé wọn lè gbiná. Ọdún pọ̀ tí àwọn kan kò fi lè tà á, tí wọn ò sì lè sùn dáadáa nínú rẹ̀. Ẹni tó ń yá ilé gbé lè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹni tó rà á ló máa dúró. Nítorí náà, ní àdúgbò tuntun, ẹ yá ilé gbé fún ọdún kan tàbí méjì kí ẹ tó rà. Ẹ sì wo owó ìtọ́jú ilé dáadáa, torí pé bí ẹ̀rọ agbénisókè, ọgbà àti ẹ̀ṣọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà á ṣe máa ga sí.

Àdúgbò tó múlé ti ibi tó lòde

Èyí ni a padà mú, òun sì ni mo máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọlọ́mọ tó bá bi mí. Ẹ mú àdúgbò tó wù yín, kí ẹ wo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibùdókọ̀ kan tàbí méjì síwájú. Wedding wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Prenzlauer Berg, Bushwick wà lẹ́yìn Williamsburg. Ẹ máa rí ìta tó lòde náà fi ẹsẹ̀ rìn dé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò sì ní sùn lórí rẹ̀ lálẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ tipẹ́. Ìyá àgbà kan tó ń gbé òdìkejì wa, tí ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà lọ, mọ orúkọ ọmọ wa méjèèjì kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Ní ibi tí a ti kúrò, oṣù mọ́kànlá náà pé, mi ò mọ ẹni tó ń gbé òkè wa. Owó ilé dínkù débi tí a fi rí yàrá kan kún ti tẹ́lẹ̀. Iléèwé gba àwọn ọmọ láìjà.

Àmọ́ ewu kan wà tí mo ti rí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi kó sí. Wọ́n ra ilé sí irú àdúgbò yìí nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ pé ó máa dà. Ọdún kẹfà rèé, kò tíì dà á, títì eléwu tó wà níwájú ilé wọn sì wà síbẹ̀. Ẹ fi bó ṣe rí lónìí dá a lẹ́jọ́. Bí pápá kò bá sí lónìí, kò sí.

Ìyípadà lè dé lóòótọ́, kì í sì í fìgbà gbogbo dé nírọ̀rùn. Ní Walthamstow, tó wà níwájú Hackney ní London, ìjọba ìbílẹ̀ dí ọkọ̀ lọ́nà ní àwọn òpópónà apá tí wọ́n ń pè ní Walthamstow Village ní 2015. Àwọn kan bínú débi pé wọ́n gbé pósí jáde láti fi hàn pé ọjà ibẹ̀ ti kú. Ojú pópó tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ nígbà náà ni àwọn èèyàn ń rìn fàlàlà lórí rẹ̀ lónìí, àwọn ilé ìtajà sì ń tajà lọ. Ẹni tó bá ń wo irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè bèèrè ní kánsù pé kí ni wọ́n ti fi owó sí fún ọdún méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀. Èyí tí owó ti wà fún ni kí ẹ kà.

Bí ẹ bá ń yá ilé gbé níbẹ̀, ẹ gbìyànjú kí àdéhùn náà gùn, ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àdúgbò tó múlé ti ibi tó lòde lè di ibi tó lòde nígbà tí ẹ ò retí, onílé á sì fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó sì jẹ́ owó oṣù ẹnì kan àti ìdajì owó oṣù ẹnì kejì ló ń wọlé, ẹ lọ sí àdúgbò tó múlé tì í. Oorun yín àti owó yín máa mọ̀ ọ́n lára. Bí owó bá wà dáadáa, tí iṣẹ́ yín sì wà láàárín ìlú, tí ẹ rí ilé àtijọ́ ní àjà kìíní tàbí èyí tó ní ẹ̀rọ agbénisókè, tí yàrá ọmọ kọjú sí àgbàlá, ẹ gbà á. Ẹ ò ní í rí méjì irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò òjé ṣáájú.

Àdúgbò tuntun gba ẹni tó ní ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, torí pé ẹnu ọ̀nà fẹ̀, kò sì sí àtẹ̀gùn. Ó tún gba ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá, bó bá jẹ́ irú tí ọkọ̀ kò ti wọlé, tí iléèwé sì ti ṣí ilẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ àtijọ́, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti di ọ̀dọ́langba lọ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá máa ń fẹ́ àyè tó gbòòrò, kò bẹ̀rù ariwo, ó lè dá wọ rélùwéè, inú rẹ̀ á sì dùn pé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ wá ni òun ń gbé. Bí ẹ bá ní ọ̀dọ́langba kan àti ọmọ ọwọ́ kan, ti ọmọ ọwọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀dọ́langba lè wọ ọkọ̀ lọ síbi tó wù ú.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó san owó. Ẹ lọ láago méje àbọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iléèwé ní àkókò tí àwọn ọmọ ń lọ. Ẹ lọ lọ́jọ́ òjò, kí ẹ wo ibi tí omi ń dúró sí. Ẹ lọ láago mọ́kànlá alẹ́ Fúráìdé, kí ẹ dúró sínú yàrá tí ọmọ máa sùn, kí ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀. Kí ẹ sì yí lọ sẹ́yìn ilé, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ń da ìgò sí.